Ẹ Yé Pe Ìlú Orí Òkè Ìdànrè ní Ahoro

Ìbéèrè kan wà tó ti sú wa. Bí èèyàn bá ti sọ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó pé òun gun Òkè Ìdànrè, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀?" Ẹnìkan á ní 640, ẹlòmíràn á ní 667, ẹnìkẹta tí kò tilẹ̀ dé ìdí òkè náà rí á búra pé 682 ni. Wọn á jiyàn, wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ló ń gbé lórí òkè náà, kí ló mú wọn gùn ún lọ, kí ló sì mú wọn sọ̀ kalẹ̀. Ká má tíì sọ pé ẹnìkan á béèrè ẹni tó ni ilé tó ń wó lọ́hùn-ún. Odidi ìlú wà lórí àpáta, àtẹ̀gùn là ń kà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú, pàápàá àwa tí à ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú àtijọ́ tó wà lórí Òkè Ìdànrè kì í ṣe ahoro, pé pípè tí à ń pè é bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń wó o, àti pé iṣẹ́ àwa gan-an ni láti bọ́ orúkọ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni fídíò kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Cozumel ni wọ́n ti ya á, erékùṣù kan lórí Òkun Kàríbíánì, lẹ́bàá ilẹ̀ Mẹ́síkò. Àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n wọ inú igbó lọ síbi tí wọ́n ń pè ní San Gervasio, níbi tí àwọn Maya ayé àtijọ́ ti ń bọ òrìṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ixchel. Àwọn obìnrin a máa la òkun kọjá nínú ọkọ̀ àfàjẹ̀wà wá síbẹ̀ láti tọrọ ọmọ. Òkúta tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò tóbi tó ti Chichén Itzá tó wà lórí ilẹ̀ Yucatán lódìkejì omi, ṣùgbọ́n ó wu àwọn èèyàn wa púpọ̀. "Hàà! Ayé àtijọ́ mà dùn o!" Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé òun á tu owó jọ kí òun lè fojú kàn án kí òun tó kú.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa kì í ṣe ọ̀tá ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni ẹni náà ń gbé. Nǹkan bí 20 kìlómítà ni ìdí Òkè Ìdànrè sí ibi tó jókòó sí. Bóyá ni owó ọkọ̀ débẹ̀ fi ju owó dátà tó fi wo fídíò náà lọ.

Ṣé ẹ rò pé ẹni tí kò lọ yìí la fẹ́ bá jà? Rárá o. Àwọn tó ń lọ gan-an ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ á gba bọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé, wọn á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, wọn á ra omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ti dé ìdí òkè ni kíkà á bẹ̀rẹ̀. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ní ìkọ̀ọ̀kan wọn, fọ́tò. Nígbà tí wọ́n bá fi dé òkè, agbára ti tán, oúnjẹ ló kù. Wọn á sáré wọ ààfin, wọn á dúró ti òpó, fọ́tò. Wọn á ti ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta, tí ìtàn sọ pé ó ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu àfi ti àjẹ́. Wọn á fi ọ̀rẹ́ wọn kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé tirẹ̀ kò wọlé dáadáa, fọ́tò. Kí agogo mẹ́ta tó lù, wọ́n ti wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń mú wọn káàkiri ti sọ̀rọ̀ títí, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi sọ ọ́, nítorí ohun tó rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Kí ni wọ́n fi ojú fò dá? Àpáta Ìdànrè ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ọdún tí àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí rẹ̀. Ìlú ni o, kì í ṣe abà ọdẹ. Ọwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ààfin rẹ̀, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, ojúbọ wà, ibi ìsìnkú wà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, kóòtù ló gun òkè lọ bá wọn. Nígbà tí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì dé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ náà gun òkè lọ bá wọn. Ohun tí oko ìsàlẹ̀ bá mú jáde, orí ni wọ́n fi ń rù ú gòkè. Àwọn ìyàwó ilé ayé ìgbà náà kò ka àtẹ̀gùn, ẹrù orí wọn kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Bí ogun bá ń jà nísàlẹ̀, àpáta ni odi wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi àyà fà gun òkúta, àwọn onílé yóò sì jókòó sókè máa wò ó bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ìlú fi di ti ìsàlẹ̀: Odòdè, Àlàdé, Àtọ̀sìn. Kò sí ogun tó lé wọn. Ogun ti tán ni, ọ̀nà ọkọ̀ ń bọ̀, kòkó sì ti di owó. Ta ni yóò máa ru àpò kòkó gun àpáta nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á wà nísàlẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà, ahoro, fi ń bí wa nínú. Àwa tí à ń kọ́ èdè yìí yẹ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe aṣọ tí a lè fi wọ ẹnikẹ́ni. Ahoro ni ibi tí ogun tú, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sá jáde láìwẹ̀yìn. Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro láàrin 1830 sí 1840, nígbà tí ogun le débi pé àwọn ará ibẹ̀ kó wá sí ìhà gúúsù, tí Aláàfin Àtìbà fi sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun. Ẹni tó bá pe ibẹ̀ ní ahoro kò purọ́. Ti Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn onílé kò rìn jìnnà. Wọ́n wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n bá gbójú sókè wọ́n á rí òkè wọn. Ọdún ìbílẹ̀ ṣì ń mú wọn gùn ún padà. Oṣù Karùn-ún ni ti Òrósùn, òrìṣà obìnrin tí ọ̀kan nínú àwọn òkè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí bàbá yín bá kọ́lé sí Àkúrẹ́, tó ń lọ sí ti abúlé ní ọdọọdún lọ ṣe ọdún, ṣé ẹ ó gbà kí àlejò pe ti abúlé ní ahoro, kó sì gun orí ògiri rẹ̀ ya fọ́tò?

Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọmọ Ìdànrè. Ìyá rẹ̀ ti fi ojú ilé àwọn baba ńlá wọn hàn án rí: òkìtì amọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, pẹ̀lú ọlọ tó fọ́ sí méjì. Ẹ sì mọ̀ bí àṣà wa ṣe rí láyé àtijọ́: inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà tó bá kú sí. Ní ọjọ́ tí a jọ lọ, àwọn kan nínú èrò náà gun ara ògiri kan nítòsí ibẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí a ya àwọn. Ọ̀rẹ́ wa dákẹ́. Ìgbà tí a dé ìsàlẹ̀ ló tó la ẹnu: "Ẹ dúró lórí ilé àwọn èèyàn wa, ẹ wá ń bi mí ní iye àtẹ̀gùn." Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ògiri yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Amọ̀ ni ilé àwọn baba wa. Ògiri amọ̀ lágbára ju bí àwọn ọmọ onísìmẹ́ǹtì ṣe rò lọ. Ó lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún bí òrùlé bá wà lórí rẹ̀. Òrùlé ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí páànù kan bá ṣí lójijì, òjò á wọ orí ògiri, á mu ún, á rọ̀ ọ́, á máa gé e láti òkè wá. Lọ́dún kejì, ìyẹ̀wù kan á wó lu òmíràn. Ní bíi ọdún karùn-ún, koríko ló kù. Nígbà tí èèyàn ń gbé ibẹ̀, kò sí òjò tó rọ̀ tí wọn kì í yẹ ilé wò lẹ́yìn rẹ̀: wọn á dí ihò, wọn á rẹ́ ibi tó bá ṣí, wọn á pààrọ̀ igi àjà tí ikán bá jẹ. Lónìí, ta ló ń rẹ́ ẹ? Wọ́n tún ààfin ṣe, a gbà. Ṣùgbọ́n ààfin nìkan kọ́ ni ìlú. Ẹni tó bá rìn kọjá ààfin yóò rí ògiri tí kò ga ju orúnkún lọ mọ́.

Yorùbá ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn ará Ìdànrè kò fi itọ́ mọ tiwọn. Àwa là ń dúró kí ìrì bá wa wó o. Nígbà tí ọmọ wa bá dé ọjọ́ orí wa, àtẹ̀gùn yóò ṣì wà, kò sí ohun tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ohun tí àtẹ̀gùn ń mú wa lọ wò ni kò ní sí. Orúkọ yẹn, ahoro, ni kò sì jẹ́ kó dùn wá. Kí ni èèyàn ń retí lára ahoro ju pé kó wó? Ká ní ilé onílé là ń pè é, ojú ì bá ti tì wá.

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn Maya tí ẹ fẹ́ràn. Irọ́ kan náà ni wọ́n pa mọ́ wọn: wọ́n ní wọ́n pòórá. Wọn kò pòórá níbì kankan. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń sọ àwọn èdè Maya lónìí ní Mẹ́síkò àti Guatemala. Ìlú kan tàbí òmíràn ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ya fọ́tò níwájú òkúta wọn tó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "ìran tó ti parun" ti fi ẹnu sin alààyè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Mẹ́síkò fi ju wá lọ. Láti 1939 ni wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INAH láti máa bójú tó irú ibi báyìí, òfin wọn ti 1972 sì sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló ni ohun àtijọ́ tó wà nílẹ̀ náà. Ní Chichén Itzá, kò sí àlejò tó tún gbọdọ̀ gun pírámíìdì ńlá tó wà láàrin ibẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Nísàlẹ̀ ni yóò ti wò ó. Àwa náà kò ṣàì ní àjọ: òfin 1979 ló dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀. Orúkọ Òkè Ìdànrè sì ti wà láti 2007 nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Sukur wọlé ní 1999. Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé ní 2005. Ìdànrè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ló gbé Òṣogbo wọlé? Ẹ má sọ pé ẹwà igbó ni, igbó tó lẹ́wà pọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn èèyàn ń bọ odò náà lọ́dọọdún, wọn kò jáwọ́. Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ojúbọ tó ń wó kọ́, wọ́n dúró ti igbó náà nígbà tí ojú àwọn ẹlòmíràn ti wọ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó dúró tì í ló gbé e wọlé. Ní Ìdànrè, àwọn tó ń bọ òkè ṣì wà. Àwọn tí yóò dúró ti ògiri ni a kò tíì rí.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní gun òkè náà rárá, wọ́n ní ilé òrìṣà ni. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ìdànrè ní, orí òkè yẹn ni wọ́n wà. Ilé agogo ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń fi han àlejò. Àwọn tó kọ́kọ́ ka ABD ní Ìdànrè, orí àpáta ni wọ́n jókòó sí kà á. Bí ẹ bá jẹ́ kí òjò wó ìlú náà nítorí ojúbọ, ìtàn ìjọ yín ń wó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1519, Cortés dé Cozumel, ó fọ́ àwọn ère tó bá níbẹ̀, ó gbé àgbélébùú àti ère Màríà sípò wọn. Ìjọ Kátólíìkì kan náà ni ọ̀pọ̀ ará Mẹ́síkò ń lọ títí dòní, síbẹ̀ wọ́n ń ṣọ́ òkúta tó ṣẹ́kù bí ẹyin ojú. Ẹ kò ní láti wólẹ̀ fún Òrósùn kí ẹ tó lè gbà pé kí òrùlé má jò.

Àwọn òmíràn ní kí ìjọba kọ́ ọkọ̀ orí okùn síbẹ̀, kí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, kí owó máa wọlé. A kò kórìíra owó, orúnkún àwọn àgbà sì yẹ ní ìkẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí okùn yẹn, kí ni yóò gbé àlejò lọ wò? A ti rí ayẹyẹ orí òkè tó kó èrò jọ, tí ìlù dún, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ la àpáta. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó àga sọ̀ kalẹ̀, ògiri wà bó ṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ ra páànù ná.

Ó wá ku àwa.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá la jẹ̀bi jù, nítorí a kò lè sọ pé a kò mọ̀. Ẹ wo àkọlé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá tí à ń yàn. Fágúnwà ṣá, Fágúnwà ṣá. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni, a bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ ti jáde, àwọn ọmọ Yorùbá ti kọ̀wé títí lórí Òkè Láńgbòdó, òkè tí kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ ayé. Èyí tí a lè wọ ọkọ̀ lọ bá, èyí tí àwọn tó bí àwọn òbí wa àgbà gbé lórí rẹ̀, ta ló kọ orúkọ àwọn àpáta rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì wa? Ìwé tó gbé orúkọ Ìdànrè kárí ayé ni ìwé ewì Wọlé Ṣóyínká ti 1967, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀bi Ṣóyínká kọ́ nìyẹn. Ó ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré. Nínú àpèjúwe tó wà lọ́wọ́ UNESCO, "thunder water" ni wọ́n kọ́kọ́ pe omi orí òkè náà kí wọ́n tó wá fi orúkọ tí àwọn onílé ń pè é tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Ihò Eléérú ní Ìsàrún, nítòsí Àkúrẹ́ yìí kan náà. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ihò náà, wọ́n bá egungun èèyàn níbẹ̀ tó ti lé ní 11,000 ọdún, ọ̀kan lára àwọn egungun èèyàn tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n "Iwo Eleru" ni wọ́n kọ sínú ìwé, láìsí àmì kankan lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń kọ ọ́ fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Kí ni Iwo Eleru? Ìwo ẹlẹ́rù ni, tàbí ìwọ ẹlẹ́rú? Ihò tó kún fún eérú ni wọ́n ń wí. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ọmọ Yorùbá ọdún kìíní ni, àmì ohùn àti lẹ́tà méjì mẹ́ta, àádọ́ta ọdún ló gbà.

Èyí tó tún dùn wá jù ni ẹ̀ka-èdè. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ìdànrè, ẹ lọ sí Oǹdó, ẹ wọ àdúgbò àtijọ́ ní Àkúrẹ́: ulé ni ilé, uṣu ni iṣu. Ìlú orí òkè náà fúnra rẹ̀, Ùfẹ̀ Òkè ni àwọn àgbà ń pè é, Ifẹ̀ tó wà lókè. Ẹ gbọ́ bí ìtàn ṣe wà nínú fáwẹ̀lì kan ṣoṣo: ibi tí wọ́n ti wá, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, àti irú Yorùbá tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ di "Old Idanre" ti gé gbogbo rẹ̀ dànù, ẹni tó bá sì sọ ọ́ di ahoro ti sin ohun tó kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kan dápàárá díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àwọn òkè Ìdànrè tí wọn kò tíì rí níbòmíràn lágbàáyé. Ara àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Arne Schiøtz, ará Denmark, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1963, wọ́n fún un ní orúkọ Látìnì, Sclerophrys perreti. Lẹ́yìn 1970, àwọn onímọ̀ kò tún gbúròó rẹ̀ títí di 2013 tí wọ́n tún fi rí i. Perret tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é kì í ṣe ará Ìdànrè. Ṣé ẹ rò pé àwọn tó bá ọ̀pọ̀lọ́ náà gbé àpáta kan náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò ní orúkọ fún un? Ẹnìkan mọ orúkọ yẹn nísàlẹ̀ òkè, bóyá ìyá arúgbó kan tó ń sá kòkó lójúde. Ta ló ti bi í?

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí, kí ẹ má bàa sọ pé ẹnu lásán là ń yà. Kí oṣù Karùn-ún tó dé, a ó kọ́kọ́ lọ sí ààfin Ọwá nísàlẹ̀, a ó kí wọn bó ṣe yẹ ká kí ọba, a ó tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà ni a ó gòkè pẹ̀lú àwọn àgbà tó mọ ibẹ̀, tí orúnkún wọn bá gbà. Àwọn tí kò bá lè gùn ún, a ó jókòó tì wọ́n nílé. Fóònù tí à ń fi ya fọ́tò ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, a ó lò ó. Orúkọ àpáta, orúkọ àdúgbò, oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, ìtàn ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn nínú ẹbí. Èdè Ìdànrè ni a ó fi kọ ọ́, a ó wá fi Yorùbá àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta nínú wa ti pinnu láti fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wọn, olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wa. A ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà òkè náà, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kí wọ́n sì fi okùn yí àwọn ògiri tó kù ká kí ẹnikẹ́ni má gùn wọ́n mọ́.

Ẹni tó bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ní Odòdè, ní Àlàdé tàbí ní Àtọ̀sìn, kó pè wọ́n lálẹ́ òní. Kó bi wọ́n pé kí ni orúkọ àdúgbò àwọn baba wọn lórí òkè, àpáta wo ni wọ́n kọ́lé tì, kó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, pẹ̀lú "u" rẹ̀ àti àmì orí rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa.